Kí Ọmú Má Gbẹ, Kí Ìkòkò Má Ṣófo

Olódùmarè, ìbà Rẹ. Ìwọ tí o fi ọmọ sínú aboyún, tí o sì ti pèsè oúnjẹ rẹ̀ sí àyà ìyá kí ọmọ tó dé, ìbà Rẹ ni mo kọ́kọ́ jú kí n tó la ẹnu. Ìbà ilẹ̀ ìlú wa, Ara, tí a ń tẹ̀. Ìbà Kábíyèsí àti àwọn ìjòyè. Ìbà ẹ̀yin ìyá àgbà tí ẹ ti gbẹ̀bí títí ẹ kò fi lè ka iye ọmọ tí ọwọ́ yín gbà mọ́. Ẹ jẹ́ kó ṣẹ o.

Mi ò wúre mọ́tò lónìí, mi ò wúre ilé alájà. Oúnjẹ ni mo fẹ́ wúre lé lórí: oúnjẹ aboyún, oúnjẹ abiyamọ, oúnjẹ ọmọ tí kò tíì lè sọ pé ebi ń pa òun. Àwọn baba wa ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Bí ebi bá lè kúrò lára ọmọ Ara kan ṣoṣo nípa ohun tí mo ń sọ yìí, mo ti wúre owó, mo sì ti wúre ilé pọ̀ mọ́ ọn.

Ọ̀dọ̀ ẹni tó lóyún ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ìwọ tó ń ti oko ẹ̀gẹ́ bọ̀ lọ́sàn-án gangan, tí igi ìdáná wà lórí rẹ, tí oyún oṣù méje wà níwájú rẹ. Ìwọ tó jókòó ti igbá ata láti àárọ̀, tó jẹ́ pé gàrí nìkan lo mu kí o má bàa jẹ owó ọjà, mo wúre fún ọ. Ẹ̀jẹ̀ kò ní wọ́n ọ lára. Wàá rí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ jẹ, wàá rí ṣọkọ jẹ, wàá rí ẹja tàbí ẹyin fi lé e. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí nọ́ọ̀sì fún ọ kò ní di ohun tí a ń há sábẹ́ ìrọ̀rí. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, baba ni a kọ́kọ́ ń bu oúnjẹ fún, òun náà la sì ń fi ẹran tó tóbi jù lé lọ́wọ́. Ìyá tó se ọbẹ̀ ni yóò fi òkèlè nu ìdí ìkòkò. Kí Ọlọ́run darí igbákọ. Kí ó kọ́kọ́ yà sí àwo aboyún kí ó tó yà sí tiwa, àwa ọkùnrin, kí ó má sì dùn wá. Lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀, a ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ. Àṣẹ.

Bí ọmọ bá dé, kí ọmú ṣíwájú ohun gbogbo. Omi ọmú àkọ́kọ́, èyí tó ki, tó ní àwọ̀ ìyeyè, tí àwọn kan ń fún dànù pé ó ti bàjẹ́ sínú ọyàn, kí ó má dànù mọ́ ní Ara. Ohun tó ń gba ọmọ tuntun lọ́wọ́ àìsàn ló kún inú rẹ̀. Kí ọmọ mu ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà gbáko, láìfún un lómi, láìrọ ọ́ lágbo; omi tó wà nínú ọmú tó òùngbẹ rẹ̀, bí ẹ̀ẹ̀rùn tilẹ̀ le. Ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ má bínú sí mi. Ẹ rọ àwa náà lágbo, ìfẹ́ ló sì wà nínú ife yẹn. Ṣùgbọ́n omi tí kò mọ́ ló ń gbé ìgbẹ́ gbuuru wá bá ìkókó, àwọn mìíràn tí ẹ rọ pẹ̀lú wa kò sì sí níhìn-ín mọ́. Nínú ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018, nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, 29 péré ló ń mu ọmú nìkan. Nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, 37 ni ìdàgbàsókè wọn ti dá dúró, tí wọn kò ga tó bí ọjọ́ orí wọn ṣe yẹ kí wọ́n ga. Kí Ọlọ́run yọ orúkọ ọmọ Ara kúrò nínú 37 yẹn.

Ara ìyá ni ọmú ti ń wá. Bí ìyá kò bá jẹun, ara rẹ̀ gan-an ni ọmọ ń mu, lójoojúmọ́, títí egungun ọrùn rẹ̀ á fi yọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí ìyá fún ọmọ lọ́mú fún oṣù mẹ́fà, kí ó tún ní kí ó máa fún un lọ títí yóò fi pé ọdún méjì, kí onítọ̀hún gbé oúnjẹ lọ́wọ́ bí ó ṣe ń bọ̀ wá sọ ọ́. Bí odò Ọ̀ṣun ṣe ń ṣàn kọjá ní Ẹdẹ tí kì í gbẹ, ọmú yín kò ní gbẹ, ẹ̀yin abiyamọ. Ẹ ó jẹ, ẹ ó yó, ọmọ á mu, á ṣẹ́ kù.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ni ewu dé, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí àdúrà yìí ti pẹ́. Nígbà tí ọmọ pé ọjọ́ mẹ́jọ, a gbé oyin, iyọ̀, epo, obì, orógbó àti ataare sílẹ̀, a pe ẹbí jọ, a wúre lé e lórí títí omijé ayọ̀ fi bọ́ lójú ìyá rẹ̀. Oṣù kẹjọ ńkọ́? Ta ní ń pe ẹbí jọ ní oṣù kẹjọ láti wo ohun tó wà nínú abọ́ ọmọ náà? Ẹ̀kọ ló wà níbẹ̀. Ẹ̀kọ dára: àgbàdo tí a rẹ, tí a lọ̀, tí a sẹ́, tí a jẹ́ kó kan, ó rọ ọmọ lọ́rùn láti gbé mì. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ lásán, tó ń dán, tó ṣàn, tí ṣúgà díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ikùn ló ń kún, kì í mọ ara. Ọmọ á yó, á sùn. Bí ó bá tún wá lọ jẹ́ pé oyún mìíràn dé, tí a já a lẹ́nu ọmú, tí ó ku òun àti ẹ̀kọ nìkan, kò ní pẹ́ tí irun rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú, ojú rẹ̀ á wú, aládùúgbò á sì máa kí ìyá rẹ̀ pé ọmọ ń sanra.

Olódùmarè, wọ inú abọ́ ẹ̀kọ náà. Kí ẹ̀wà bá Ọ wọ ọ́. Kí ẹ̀pà wọ ọ́, kí sóyà tí a yan tí a sì lọ̀ kúnná wọ ọ́. Iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Oṣòdì, FIIRO, ti fi sóyà lú ògì láti ọjọ́ tó ti pẹ́, kí ẹ̀kọ ọmọ lè lágbára. Ìmọ̀ yẹn ti dàgbà ju ọ̀pọ̀ àwọn ìyá tó nílò rẹ̀ lónìí lọ. Àwọn nọ́ọ̀sì ń kọ́ wa ní Tom Brown: kóńgò mẹ́fà àgbàdo tàbí ọkà bàbà, kóńgò mẹ́ta sóyà, kóńgò kan ẹ̀pà, kí a yan gbogbo rẹ̀, kí a lọ̀ wọ́n pọ̀. Ẹni tí kò lágbára kóńgò lè fi ife wọ̀n ọ́n. Mẹ́fà, mẹ́ta, ọ̀kan náà ni. Kí ó má wọ́n wa. Kí a kán epo pupa sí i, epo tí a kò dá iná sí lórí títí pupa rẹ̀ fi ṣí, nítorí inú pupa yẹn ni oúnjẹ ojú ọmọ wà. Kí ẹja gbígbẹ tí a gún kúnná bá a wọlé.

Kí ẹyin náà wọ ọ́. Ó ti pẹ́ tí a ti ń sọ pé ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin á di olè, ọ̀rọ̀ yẹn sì ti gba ẹyin lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá láti ìran dé ìran. Kí ó tán lẹ́nu wa lónìí. Ìyá tó ní adìẹ mẹ́ta lẹ́yìnkùlé kò ní kó gbogbo ẹyin wọn lọ sọ́jà láti fi owó rẹ̀ ra ìndómì bọ̀. Yóò fi ẹyọ kan sílẹ̀. Ẹyọ kan yẹn, tí ọmọ olóṣù mẹ́jọ jẹ, Olódùmarè, fi ṣe ẹran ara fún un, fi ṣe ọpọlọ fún un.

Mo mọ̀ pé ìyá tó ń gbọ́ mi yìí ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́ pé, "Owó dà?" Òótọ́ ló sọ. Ní oṣù kẹfà 2024, iléeṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ kéde pé iye tí oúnjẹ fi gbówó lórí láàárín ọdún kan ti lé ní 40 nínú 100. Lásìkò náà, ẹ̀wà tí a ń pè ní ẹran mẹ̀kúnnù ń bá ẹran jìjàdù. Ìyá kò ya òpè, kò sì ya ọ̀lẹ. Ó mọ ohun tó dára fún ọmọ rẹ̀, ó ń wò ó lórí àtẹ, ó sì ń kọjá. Ìdí nìyẹn tí àdúrà mi kò fi lè parí sọ́dọ̀ ìyá. Ó ní láti dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ ilé oúnjẹ lọ́wọ́.

Ní oṣù kẹwàá 2020, kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún wà ní Ẹdẹ, nítòsí wa níhìn-ín. Oúnjẹ ìrànwọ́ àsìkò Kòrónà wà nínú ilé ìkẹ́rùsí níbẹ̀, ebi sì wà níta. Àwọn èrò já ilẹ̀kùn wọlé, wọ́n ń ru ìrẹsì, wọ́n ń ru páálí ìndómì, wọ́n ń sáré. Ẹni tó lágbára ló rí gbé. Kò sí bí aboyún ṣe fẹ́ já irú ọjà bẹ́ẹ̀ gbà. Abiyamọ tó pọn ọmọ kò sì gbọdọ̀ súnmọ́ ibẹ̀. Bí wọ́n tilẹ̀ pín in wọ́ọ́rọ́wọ́, ohun tí wọ́n kó sínú ẹrù náà ni ìrẹsì, gàrí, ìndómì, ṣúgà àti iyọ̀. Ẹni tó di ẹrù yẹn kò rántí ọmọ olóṣù mẹ́jọ. Olódùmarè, a kò fẹ́ oúnjẹ tí a ń jà gbà mọ́. Fún wa ní èyí tí a ń fi orúkọ pè wá gbà, ní ọjọ́ tí a mọ̀, ní ibi tí a mọ̀, tí ẹ̀wà wà nínú rẹ̀, tí ẹyin wà nínú rẹ̀, tí ìyá á gbà láìsí pé ẹnikẹ́ni ń ya fọ́tò rẹ̀.

Ó ṣeé ṣe. Ní Amẹ́ríkà, ilẹ̀ olówó, wọ́n rí i pé àwọn aboyún tálákà àti ọmọ wọn kò jẹun tó. Wọ́n ṣòfin ètò WIC ní 1972, ibùdó àkọ́kọ́ sì ṣílẹ̀kùn ní 1974 ní ìpínlẹ̀ Kentucky. Títí di òní, aboyún, abiyamọ àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, tí owó ilé wọn kò tó, ń tipasẹ̀ rẹ̀ gba wàrà, ẹyin, ẹ̀wà, èso àti ẹ̀fọ́, ẹnì kan sì ń jókòó tì wọ́n láti kọ́ wọn ní fífún ọmọ lọ́mú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, káàdì Healthy Start wà fún irú wọn. Àwọn ọmọ wa tó bímọ sí òkè òkun mọ ohun tí mo ń sọ. Kí Ọba òkè fi sí wọn lọ́kàn láti rán irú ẹ̀ sílé, kí ẹgbẹ́ ìlú tó ń dáwó fún gbọ̀ngàn ńlá bu díẹ̀ nínú rẹ̀ ra sóyà.

Kí a má sì ṣe bí ẹni pé òkè òkun nìkan ni nǹkan gidi ti ń wá. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa yìí náà ló ti kọ́ gbogbo ayé. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, David Morley, dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, dá ibùdó ìtọ́jú fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Wọ́n ń gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n ní gbogbo ìgbà tí ìyá bá gbé e wá, wọ́n ń fi àmì sí ìwọ̀n rẹ̀ lórí káàdì, ìyá fúnra rẹ̀ ló sì ń tọ́jú káàdì náà sílé. Bí ìlà ọmọ bá ń gòkè, ọkàn balẹ̀. Bí ó bá nà tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò gòkè mọ́, wọ́n ti rí ebi lára ọmọ náà kí ojú lásán tó rí i, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú. Ikú ọmọdé já wálẹ̀ gan-an ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Káàdì yẹn sì ti ibẹ̀ lọ sí ilẹ̀ púpọ̀ ní Áfíríkà, Éṣíà àti Amẹ́ríkà ti gúúsù. Nítorí àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ìyá wọn fi ẹsẹ̀ rìn gbé wọn dé orí òṣùwọ̀n ni àwọn ọmọ ilẹ̀ òkèèrè ṣe yè. Kí Ọlọ́run san án fún àwọn ìyá wọ̀nyẹn ní ibi tí wọ́n wà. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì wa, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, òṣùwọ̀n yín kò ní bàjẹ́, owó oṣù yín kò ní pẹ́ kó tó dé. Téèpù tí ẹ fi ń wọn apá ọmọ kò ní bọ́ sí pupa lọ́wọ́ yín. Bí ó bá bọ́ sí i, bí apá ọmọ kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, kí oúnjẹ ìtọ́jú wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó má jẹ́ "ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀".

Mo dúpẹ́ fún èyí tí a ti rí. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé ètò oúnjẹ iléèwé kalẹ̀ ní 2005, ìpínlẹ̀ tó já a sílẹ̀ pọ̀. Ọ̀ṣun dì í mú. Ní 2012, nígbà tí Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá ń ṣe gómìnà, wọ́n sọ ọ́ di O-MEALS. Ó bọ́ ọmọ tó lé ní 250,000, àwọn obìnrin tó lé ní 3,000 ló sì ń se oúnjẹ náà. Èyí kì í ṣe ohun kékeré, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó jókòó sí kíláàsì kìíní ti lé ní ọdún márùn-ún. Ẹgbẹ̀rún ọjọ́ àkọ́kọ́, láti ọjọ́ tí oyún ti dúró títí ọmọ fi pé ọdún méjì, ti kọjá lọ lórí rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú ọpọlọ rẹ̀ sì ti mọ. Olódùmarè, mú abọ́ náà padà sẹ́yìn fún wa. Kí ó ti iléèwé dé ẹ̀yìn ìyá tó pọn ọmọ. Kí ó ti ẹ̀yìn ìyá dé inú ìyá. Ẹni tó bá lágbára láti gbé e padà, ní kánsù wa tó wà ní Awo, ní ìjọba ìpínlẹ̀ ní Òṣogbo, ní ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá, kí oorun má kùn ún títí yóò fi gbé e.

A ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀ rí, ẹ̀yin ará Ara. Ìyá ìbejì a máa se ẹ̀wà, á da epo sí i, á ní kí gbogbo ọmọ àdúgbò wá jẹ. Kò sí ẹni tó ń béèrè ọmọ ta ni. A ń ṣe sàráà, a ń kó àkàrà fún ọmọdé. Kí sàráà wa pọ̀ sí i, kí ó máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí lẹ́mọ́mù rántí aboyún nígbà tí sàká bá délẹ̀, kí pásítọ̀ rántí abiyamọ nígbà tí wọ́n bá kó ìkórè sórí pẹpẹ, kí oníṣẹ̀ṣe tó ń bọ ìbejì tún fi kóńgò kan lé ẹ̀wà rẹ̀. Inú ọmọ kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń wọ̀.

Mi ò ṣépè fún ẹnikẹ́ni. Ìwúre ni mo ń ṣe. Ẹni tí wọ́n bá fa oúnjẹ ọmọ lé lọ́wọ́, kí oúnjẹ náà wúwo lọ́wọ́ rẹ̀ títí yóò fi gbé e kalẹ̀ síwájú ọmọ tó ni ín. Ẹni tó ń pín in, kò ní pín in fún ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ nìkan. Ẹni tó ń kọ orúkọ kò ní fo ilé tálákà tó wà ní ìdí oko. Ẹ̀yin àgbẹ̀ tó ń gbin ẹ̀wà àti sóyà, òjò á rọ̀ fún yín lásìkò, kòkòrò kò ní jẹ ẹ́, owó rẹ̀ á wọlé kí ẹ má bàa jẹ gbèsè. Ẹ̀yin bàbá ọmọ, ọwọ́ yín á tó ẹnu, ọwọ́ yín á sì tó ẹnu ìyá ọmọ yín.

Ìwọ ọmọ tí wọ́n sọ lórúkọ ní Ara lọ́sẹ̀ yìí, mo gbé ọ lé Ẹlẹ́dàá lọ́wọ́. Wàá mu ọmú yó. Ní oṣù kẹfà, ẹ̀wà lílọ̀ tí a bù lé ẹ̀kọ rẹ á máa dúró dè ọ́. Ní oṣù kẹjọ, wàá fi ọwọ́ ara rẹ gbá ẹyin mú, wàá fi pa ara lójú, ìyá rẹ á máa rẹ́rìn-ín. Wàá jókòó, wàá rá, wàá rìn lásìkò. Káàdì rẹ á máa gòkè. Ìgbẹ́ gbuuru kò ní gbé ọ, ibà kò ní dá ọ gúnlẹ̀. Wàá wọ iléèwé pẹ̀lú ara tó le àti ojú tó mọ́, wàá mọ ìwé, wàá mọ iṣẹ́, wàá ga ju bàbá rẹ lọ. Ire owó, ire ọmọ, ire àìkú parí ìwà, gbogbo rẹ̀ á bá ọ nílé. Ìyá rẹ á jẹun ọmọ.

Àṣẹ. Àmín. Àmí o.